Ọ̀dà tí Mo Kùn sí Fàráńdà Ìyá Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí n tó máa kọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní Ìbàfò, ó sì ti mọ́ mi lára láti máa sọ fún ọmọ ẹlòmíràn pé iṣẹ́ tí ó ṣe kò dára. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021, èmi fúnra mi ṣe iṣẹ́ kan tí kò dára ní ilé baba mi ní Ifọ̀, mo sì fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ ìyá mi já wọ inú rẹ̀.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyẹ̀pẹ̀ ni ilé náà, bàbá bàbá mi ni ó kọ́ ọ ní ọdún 1957. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ifọ̀ dáadáa mọ̀ pé ìlú rélùwéè ni. Ọ̀nà irin tí ó ti Èkó wá, èyí tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀ka kan ti yà lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò nígbà kan rí. Nígbà tí bàbá náà ń kọ́lé, pákó ìrókò ni ó fi tẹ́ fàráńdà òkè tí ó yọ síta, tí ó kọjú sí títì. Gígùn fàráńdà náà jẹ́ mítà 6, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan àbọ̀, pákó 20 ni wọ́n sì fi tẹ́ ẹ.

Inú yàrá ni ìyá mi ń sùn, ṣùgbọ́n orí fàráńdà yìí ni ó ń gbé. Ibẹ̀ ni ó ti ń ṣa ẹ̀wà tí yóò gbé lọ sí ọjà. Ibẹ̀ ni ó ti ń ka owó nírọ̀lẹ́. Ibẹ̀ náà ni ó ti ń dá àwọn oníbàárà rẹ̀ lóhùn nígbà tí wọ́n bá ń kọjá lọ ní títì, tí wọ́n ń pariwo pé, “Ìyá Ẹlẹ́wà, èló ni kóńgò lónìí?” Mo rí àwọn tí wọ́n ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ láti orí fàráńdà yẹn láì gun àtẹ̀gùn, tí ó fi okùn sọ agbọ̀n sílẹ̀ fún wọn, tí wọ́n sì fi owó sínú agbọ̀n.

Ní oṣù Keje ọdún 2021, a fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kẹwàá tí baba mi ti jáde láyé. Nígbà tí mo dé ilé ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ náà, mo wo pákó fàráńdà, ojú sì tì mí. Ó ti funfun bí eérú. Ó ti sán, ó sì ń yọ ẹ̀gún sí ènìyàn l'ẹ́sẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi òrùlé ti ń kán sílẹ̀, ó ti di àwọ̀ ewé, ó sì ń yọ̀. Mo ronú àwọn àlejò tí wọn yóò ti Èkó àti Abẹ́òkúta wá. Mo padà sí Mowé, mo ra gálọ́ọ̀nù ọ̀dà olóròóró kan, aláwọ̀ ilẹ̀, mo sì tún gba Bẹ́gà àti Sàngó padà sí Ifọ̀ ní ọjọ́ Sátidé.

Òjò rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí ó dá, mo fi àkísà nu pákó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Bí mo ti ń kùn ún lọ, mo bá ibi mẹ́ta pàdé tí búrọ́ọ̀ṣì ń rì sínú igi bí ẹni pé inú ẹ̀kọ ni. Mo mọ̀ pé ó ti jẹrà. Kí ni mo ṣe? Mo po lẹbulẹ́bu pákó mọ́ gọ́ọ̀mù, mo rọ ọ́ sí ojú ihò wọ̀nyẹn, mo sì kun ọ̀dà lé e. Ní ọjọ́ ìrántí, gbogbo ènìyàn ni ó ń yìn mí. Wọ́n ní, “Tíṣà, o káre, o sọ ilé baba rẹ di tuntun.” Mo rẹ́rìn-ín, mo gba ìyìn náà.

Àwọn àgbà wí pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọ̀dà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí, ó sì ń sán bí ilẹ̀ àbàtà tí ó gbẹ. Mo rí i nígbà Kérésìmesì. Mo ní bí owó bá dé ní oṣù Kẹta n óò tún un kùn. Oṣù Kẹta dé, ó lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, àbúrò mi obìnrin pè mí lórí fóònù ní ìdájí. Ìyá mi jáde láti lọ ká aṣọ, pákó kan ṣẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì já wọlé dé orúnkún. Egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ni kò fi dé ọjà.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ tí ìyá mi ń sọ fún àwọn tí ń wá kí i. Ó ní, “Ẹsẹ̀ mi ni ó ṣì.” Gbogbo wọn ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún. Kò sọ fún ẹnì kan pé pákó jẹrà, kò sì sọ ẹni tí ó kùn ún. Ó fi ọ̀rọ̀ bò mí gẹ́gẹ́ bí mo ti fi ọ̀dà bo pákó.

Nígbà tí ẹbí pàdé, ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Èkó ní kí a fọ́ fàráńdà náà dànù, kí a da kọnkéré sí i, kí ọ̀rọ̀ pákó tán nínú ilé náà. Mo rí i pé bí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ mi kò ní jáde láéláé. Mo ní, “Bọ̀dá, kì í ṣe ẹsẹ̀ Màámi ni ó ṣì. Mo mọ̀ pé pákó náà ti jẹrà ní ọjọ́ tí mo kùn ún.” Ilé pa rọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí, ó ní, “O mọ̀, o sì jẹ́ kí Màámi máa rìn lórí rẹ̀?” N kò rí èsì fọ̀. Ìyá mi ni ó gbà mí sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ má fọ́ ọ. Sìmẹ́ńtì a máa mú mi lórúnkún. Ẹni tí ó bà á jẹ́ ni kí ó tún un ṣe.” Bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo lọ bá bàbá káfíńtà kan ní Mowé, àgbàlagbà tí ó ti ń ṣe àga àti bẹ́ǹṣì fún àwọn ilé-ìwé láti ìgbà tí n kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo mú un lọ sí Ifọ̀. Kò mú ayùn, kò mú òòlù dání ní ọjọ́ náà, ọ̀bẹ kékeré kan ni ó mú. Ó ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún pákó lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí igi ti le, ọ̀bẹ kò wọlé. Níbi tí ó ti jẹrà, ó ń wọlé bí ẹni gún ọṣẹ. Nígbà tí ó parí, mẹ́fà péré ni ó bàjẹ́ nínú ogún. Ó ní, “Tíṣà, mẹ́rìnlá ṣì sàn jù ọ́ lọ. Ta ni ó ní kí o sin wọ́n láàyè?”

Mo bi í nípa kọnkéré tí ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó fi ọwọ́ na ògiri yẹ̀pẹ̀, ó ní kí n ṣe ìṣirò fúnra mi, ṣebí tíṣà ni mí. Mo ṣe é sí ẹ̀yìn ìwé kan. Bí a bá da kọnkéré tí ó nípọn sẹ̀ǹtímítà 15 sí ibi tí ó gùn ní mítà 6, tí ó fẹ̀ ní mítà kan àbọ̀, yóò wọ̀n ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ, nítorí kọnkéré tí ó kún mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga ń wọ̀n tó kílógíráàmù 2,400. Pákó ìrókò tí ó nípọn sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀, tí ó bo ibi kan náà, kò ju bí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ, bí a kò bá ka àwọn igi tí ó gbé e dúró. Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọjọ́ náà, kò tún sọ̀rọ̀ kọnkéré mọ́.

Bàbá náà kò jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ nígbà òjò. Ó ní kí n yọ àwọn pákó mẹ́fà náà, kí n fi igi dínà sí ẹnu ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má jáde, kí n sì tún páànù tí ń jò sórí fàráńdà ṣe. Ó ní ẹni tí ó bá ń tún ilẹ̀ ṣe nígbà tí òrùlé ń jò, omi ni ó ń gbìn. A dúró títí di oṣù Kejìlá.

Ní àkókò ìdúró yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín. Ohun kan wà nínú igi tí ó lẹ àwọn fọ́nrán rẹ̀ mọ́ra bí àtè, àwọn onímọ̀ ń pè é ní lignin. Oòrùn a máa jẹ ẹ́, òjò a sì máa ṣàn án lọ, fọ́nrán funfun ni ó ń kù sójú igi, ìdí nìyẹn tí pákó fi ń dà bí eérú. Eérú yìí kì í ṣe àrùn, ojú igi nìkan ni ó wà. Ohun tí ń pa igi ni olú, ẹ̀yà olú tí a ń sè lọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó kéré tí ojú kò fi rí i. Kò lè jẹ igi gbígbẹ. Bí omi inú igi kò bá tó ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n igi náà, olú yìí kò lè ṣiṣẹ́. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Omi ni ó ń la ẹnu igi. Èmi sì mú omi òjò oṣù Keje, mo fi ọ̀dà dé e mọ́ inú pákó bí ìgbà tí ènìyàn dé ìkòkò.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Báyìí ni a ṣe é, kí ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀ lè tẹ̀lé e.

Ìkíní, a ha ọ̀dà tí mo kùn kúrò pátápátá. A fi aṣọ bo imú, a lé àwọn ọmọdé jìnnà, a sì ń bu omi díẹ̀ sí i bí a ti ń ha á kí eruku má baà fò, nítorí òjé wà nínú ọ̀dà àtijọ́ púpọ̀, a kò sì mọ ohun tí ó wà lábẹ́ tèmi. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ̀há náà, a kó o sínú àpò, a kò gbá a sí àgbàlá.

Ìkejì, a fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì líle fọ pákó, a ń fọ̀ ọ́ tẹ̀lé bí fọ́nrán igi ti lọ, a kò fọ̀ ọ́ ní ìbú. Bàbá kò gbà kí n lo ẹ̀rọ tí àwọn afọkọ̀ fi ń tú omi. Ó ní agbára omi náà a máa tú fọ́nrán igi ká.

Ìkẹta, a jẹ́ kí ó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nínú ọyẹ́. Lẹ́yìn náà, Bàbá kán omi sí orí pákó. Nígbà tí igi fa omi náà mu kíá, ó ní ó ti ṣetán láti mu òróró. Bí omi bá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí igi, ohun kan ṣì wà lójú rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí òróró wọlé.

Ìkẹrin, a fi pákó ìrókò mẹ́fà tí ó ti gbẹ dáadáa dípò àwọn tí ó jẹrà. A kò lo ìṣó lásán, nítorí a máa dípẹtà, a sì máa ta àbàwọ́n dúdú sí igi. Skúrù tí kì í dípẹtà ni a lò. A fi àlàfo tí ó tó ìnípọn ìṣó ńlá kan sílẹ̀ láàárín pákó àti pákó, kí omi lè rí ọ̀nà lọ, kí igi sì rí àyè wú nígbà òjò. Àwọn igi ìsàlẹ̀ tí ó gbé pákó dúró, a kun oògùn ikán sí wọn.

Ìkarùn-ún, a fi pépà oníyanrìn dán an, èyí tí ó rí ṣáṣá ṣáájú, lẹ́yìn náà èyí tí ó kúnná díẹ̀. A kò jẹ́ kí ó dán jù, nítorí igi tí ó bá dán bí awo kì í mu òróró, a sì máa yọ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ tún bo imú níbí, eruku ìrókò a máa ta ènìyàn nímú àti lára.

Ìkẹfà ni òróró. Òróró linseed tí wọ́n ti sè ni a lò. A fi aṣọ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a dúró bí ìṣẹ́jú 20, a sì nu èyí tí igi kò mu kúrò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ṣe bẹ́ẹ̀, a ń fi ọjọ́ kan tàbí méjì sáàárín. Ẹnu pákó níbi tí ayùn ti gé e ni a fún ní òróró jù, nítorí ibẹ̀ ni igi ti ń mu omi jù lọ. Ẹ̀yin ará, ẹ fetí sí èyí o: àkísà tí a fi pa òróró linseed, ẹ má ká a jọ sí igun ilé. Bí òróró náà ti ń gbẹ ni ó ń gbóná, òkìtì rẹ̀ lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ síta lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí a kò lo fáníìṣì, tàbí ọ́ílì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù. Fáníìṣì tí ó nípọn a máa sán nínú oòrùn wa, omi a gba ibi tí ó sán wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ọ́ílì dúdú ní májèlé nínú, kì í gbẹ bọ̀rọ̀, aṣọ ìyá mi ni yóò sì máa nù ún.

Iṣẹ́ kù díẹ̀ kí ó parí nígbà tí ọ̀wọ́n owó náírà oṣù Kejì ọdún 2023 dé. Ẹ̀yin náà rántí. Owó mi wà ní bánkì, n kò rí ẹgbẹ̀rún márùn-ún mú jáde. Ẹni tí ó ta skúrù fún wa kò fẹ́ gbọ́ pé a ó fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ìyá mi ni ó ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjà Ifọ̀, wọ́n sì dá owó jọ fún un ní náírà gidi. Mo san án padà ní oṣù Kẹrin. Gbogbo ohun tí mo ná ju owó oṣù mi mẹ́ta lọ. Bí mo bá ti pa òróró sí i lọ́dọọdún láti ìgbà tí mo ti ń gba owó oṣù, kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye náà.

Kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Èkó, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar ní Tinúbú, ilé ìgbà àwọn Àgùdà, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1855. Ìjọba kéde ní ọdún 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Norway níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ṣọ́ọ̀ṣì onípákó kan wà ní Borgund láti ọ̀rúndún kejìlá. Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń fi ọ̀dà igi pine pa á, wọn kì í dúró kí ó bàjẹ́ tán. Igi kan náà ni igi, ìtọ́jú ni ó yàtọ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò Ìbàfò àti Mowé tí ẹ tẹ́ pákó sórí gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù yín, orí rẹ̀ ni àwọn oníbàárà yín ń gbà wọlé. Ẹ mú ọ̀bẹ kékeré ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, kí ẹ fi gún un lábẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ yí bẹ́ǹṣì kíláàsì yín dojú bolẹ̀ kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí ó ti ń kan ilẹ̀ tútù. Ẹ gbá ìdọ̀tí tí ó há sáàárín pákó kúrò, ẹ má gbé ìkòkò òdòdó lé e lórí títí ọdún yóò fi yí. Bí ẹ bá bá ibi tí ó rọ̀, ẹ sọ ọ́ jáde ní ọjọ́ náà gan-an.

Láti ọdún 2023, Sátidé kejì oṣù Kìíní ni ọjọ́ fàráńdà ní ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi náà a máa ti Èkó wá, òun ni ó ń pa òróró sí ẹnu pákó, èmi a máa fi ọ̀bẹ gún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí èkíní dé orí ogún. Ìyá mi a gbé àga sí ẹnu ilẹ̀kùn, a máa wò wá. Ní ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí mo gún pákó kan tí mo sì fẹ́ kọjá lọ kíá, ó ní, “Tíṣà, padà síbẹ̀. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa.” Mo padà, mo tún un gún. Ó le koko. Ó ní, “Ó dára. Máa lọ.”